Gbéborùn: Ewé Tó Ń Fọ Omi, Ewé Tó Ń Dí Odò

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Ṣé ẹ ti gbọ́ nípa ewé kan tí wọ́n ń pè ní gbéborùn nílé? Kì í ṣe aṣọ tí àwọn ìyá wa máa ń dá sí èjìká ni mò ń sọ, kì í sì í ṣe ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri láti ilé dé ilé. Ewé orí omi ni. Òdòdó rẹ̀ lẹ́wà, ó pọ́n díẹ̀, ó sì jọ àwọ̀ àlùkò. Ewé rẹ̀ ń dán, ọrùn ewé náà sì wú bíi pé afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní water hyacinth. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní gbéborùn ni pé bí òfófó ṣe ń tàn kálẹ̀ náà ni ewé yìí ṣe ń tàn, ibi tó bá sì dé, wàhálà dé ibẹ̀ nìyẹn.

Ní Nàìjíríà, ọ̀tá àwọn apẹja ni ewé yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa rẹ̀ níhìn-ín ní Amẹ́ríkà, mo rí i pé NASA, ilé iṣẹ́ tó gbé èèyàn lọ sí òṣùpá, mọ̀ọ́mọ̀ gbin ewé yìí kan náà láti fi fọ omi ìdọ̀tí. Ó yà mí lẹ́nu gan-an. Báwo ni ewé kan ṣe lè jẹ́ ọ̀tá níbì kan, kó sì jẹ́ alágbàfọ̀ níbòmíràn? Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nínú àpilẹ̀kọ yìí nìyẹn. Ìdáhùn mi kò gùn: ewé nìkan kọ́ ló ń fọ omi. Ẹni tó bá kó ewé náà kúrò lórí omi ló fọ omi. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ìtàn, kẹ́ ẹ rí ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí oúnjẹ bá pọ̀ jù nínú omi

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ewé ń jẹ. Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ tó ti gbó ń fẹ́ ajílẹ̀. Méjì nínú àwọn ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ajílẹ̀ ni náítrójìn àti fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, kì í ṣe gbogbo ajílẹ̀ ló ń dúró sóko. Òjò á gbá díẹ̀ lọ sínú ìṣàn omi, ìṣàn á gbé e lọ sódò, odò á gbé e lọ sí ọ̀sà. Omi ìgbọ̀nsẹ̀, ìgbẹ́ ẹran àti ọṣẹ ìfọṣọ náà ń gba ọ̀nà kan náà lọ.

Ẹ lè sọ pé, “Ṣebí oúnjẹ ni? Kí ló wá burú níbẹ̀?” Ohun tó burú ni pé àwọn ewéko tín-tìn-tín kan wà nínú omi tí wọ́n ń pè ní algae. Wọ́n á jẹ oúnjẹ náà, wọ́n á sì pọ̀ títí gbogbo omi á fi ní àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà wọ́n á kú, wọ́n á rì sí ìsàlẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú wọn jẹrà máa ń lo ọ́síjìn inú omi náà. Bí ọ́síjìn bá tán, ẹja kò ní rí nǹkan mí mọ́. Kì í ṣe ebi ló ń pa irú odò bẹ́ẹ̀. Àjẹkì ni.

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó ń fa ìṣòro yìí. Lọ́dún 1973, ní Ontario ní orílẹ̀-èdè Kánádà, David Schindler àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mú adágún omi kan tí wọ́n ń pè ní Lake 226, wọ́n sì fi ìkélé ńlá kan pín in sí méjì. Wọ́n da kábọ́ọ̀nù àti náítrójìn sí apá kan. Wọ́n da nǹkan méjèèjì yìí sí apá kejì náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì kún un. Kò pẹ́ rárá tí apá tí wọ́n da fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì sí fi di àwọ̀ ewé, tí apá kejì kò sì yí padà bẹ́ẹ̀. Wọ́n wà lókè nínú ọkọ̀ òfuurufú ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò yẹn sì yé gbogbo èèyàn ju ìwé ńlá lọ. Ní àwọn ọdún 1970 yẹn náà ni Kánádà àti àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ṣe òfin láti dín fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì kù nínú ọṣẹ ìfọṣọ.

Obìnrin kan àti koríko etí odò

Ó ti pẹ́ tí àwa Yorùbá ti mọ ewé orí omi. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ tí àwọn àgbà ń fi ojú oró àti òṣíbàtà ṣàdúrà fún ọmọ, torí pé orí omi ni wọ́n máa ń wà, omi kì í borí wọn. Ṣùgbọ́n kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ gbin ewéko sínú omi ìdọ̀tí kó lè wádìí bó ṣe ń fọ omi, ìyẹn jẹ́ nǹkan mìíràn. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú ìwádìí yìí ni Käthe Seidel, obìnrin ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Max Planck ní ìlú Plön.

Ní àwọn ọdún 1950, Seidel mú koríko etí odò kan, irú èyí tí àwọn ará Yúróòpù máa ń fi hun ẹní àti agbọ̀n, ó sì ń wò ó bóyá ó lè gbé inú omi tó dọ̀tí kó sì mú un mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ìgbà náà kò gbà á gbọ́. Lójú tiwọn, kọnkéré àti ẹ̀rọ ló ń fọ omi, kì í ṣe koríko. Obìnrin yìí kò dẹ́kun. Nígbà tó yá, Reinhold Kickuth tóun náà jẹ́ ará Jámánì gbé ọ̀nà tirẹ̀ kalẹ̀, lọ́dún 1974 sì ni irú oko ìfọmi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní abúlé Othfresen.

Kí ni wọ́n rí? Gbòǹgbò ewéko inú omi dà bí ilé fún àìmọye kòkòrò àìfojúrí. Àwọn kòkòrò yìí ló ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Àwọn kan lára wọn lè sọ náítrójìn inú omi di afẹ́fẹ́, á sì fò lọ sójú sánmọ̀. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í di afẹ́fẹ́. Tó bá kúrò nínú omi, á jẹ́ pé ó wà nínú ẹrẹ̀ tàbí nínú ewé. Tí ewé bá wá kú sínú omi, tó jẹrà síbẹ̀, ohun tó jẹ á padà sínú omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ìtàn tó kù dúró lé.

Àlejò tó di onílé

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ gbéborùn. Agbègbè odò Amazon, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni ewé yìí ti ṣẹ̀ wá. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ jù nípa bó ṣe dé Amẹ́ríkà ni pé wọ́n gbé e wá síbi ìpàtẹ ọjà àgbáyé kan ní New Orleans lọ́dún 1884 sí 1885, tí àwọn èèyàn sì ń mú un lọ sílé nítorí òdòdó rẹ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1890, ó ti dé odò St. Johns ní Florida. Ẹ ò rí i pé ẹwà ló kó bá wọn!

Ewé yìí lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tí omi bá gbóná tí oúnjẹ sì wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi kò fi rí ọ̀nà gbà mọ́. Lọ́dún 1899, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin tó fún àwọn ẹnjiníà iṣẹ́ ológun láṣẹ láti máa kó o kúrò nínú odò Florida àti Louisiana. Wọ́n fi ẹ̀rọ gé e, wọ́n fi májèlé arsenic wọ́n ọn, màlúù tó ń jẹ ewé náà sì wà nínú ewu. Lọ́dún 1910, aṣòfin kan láti Louisiana, Robert Broussard, gbé àbá kan lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí wọ́n lọ kó erinmi wá láti Áfíríkà kí wọ́n lè máa jẹ ewé yìí, kí àwọn èèyàn náà sì máa jẹ ẹran erinmi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, òótọ́ ni. Àbá náà kò kọjá.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n rí oògùn apakoríko tuntun tí wọ́n ń pè ní 2,4-D. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1950, ewé náà ti bo nǹkan bí 126,000 ékà omi ní Florida. Bẹ́ẹ̀ ẹ sì rántí ohun tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Bí wọ́n bá wọ́n oògùn sí ewé, ewé á kú, á rì, á sì jẹrà sínú odò náà. Oúnjẹ tó jẹ padà sínú omi nìyẹn, ó ń dúró de ewé tó máa hù lẹ́yìn rẹ̀.

NASA gba gbéborùn síṣẹ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Bill Wolverton dé ọ̀dọ̀ NASA ní Mississippi, níbi tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ rọ́kẹ́ẹ̀tì wò. Ibi tó pọ̀ jù lára àwọn tó ń bá ewé yìí jà ti rí wàhálà ni òun ti rí òṣìṣẹ́. Ó rò ó pé tí ewé yìí bá ń yára dàgbà tó bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé ó ń jẹun púpọ̀. Tó bá ń jẹun púpọ̀, kí ló dé tí a ò ní fún un ní ìdọ̀tí wa jẹ?

Wọ́n gbin ewé náà sínú adágún tí omi ìgbọ̀nsẹ̀ ilé iṣẹ́ náà ń ṣàn lọ, ó sì ṣiṣẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ tó rọ̀ sínú omi bí irùngbọ̀n ń mú ìdọ̀tí, àwọn kòkòrò àìfojúrí ń jẹ ẹ́, ewé náà sì ń fa náítrójìn àti fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì. Àwọn mìíràn náà dán an wò. Walt Disney World ní Florida gbin tirẹ̀, ìlú San Diego ní California náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1980.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí gbogbo wọn ní pọ̀. Àkọ́kọ́, inú adágún tó ní ògiri ni ewé náà wà, kò lè jáde lọ sódò. Èkejì, àwọn òṣìṣẹ́ wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa kórè rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kó jáde, wọ́n ń gbìyànjú láti sọ ọ́ di ajílẹ̀, oúnjẹ ẹran, tàbí gáàsì ìdáná. Ẹ̀kẹta, owó wà.

Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, kò rọrùn. Òtútù ìgbà ọyẹ́ máa ń pa ewé náà. Ní San Diego, ẹ̀fọn sọ adágún náà di ilé. Ìkórè náà tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ékà kan gbéborùn tó kún dáadáa lè wúwo tó 200 tọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ omi. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: tẹ́ ẹ bá gbé 200 tọ́ọ̀nù, 190 ló jẹ́ omi lásán, tọ́ọ̀nù mẹ́wàá péré ni ewé gan-an. Ta ló fẹ́ máa san owó ọkọ̀ fún omi? Ìdí pàtàkì kan nìyí tí ọ̀nà yìí kò fi tàn dé ìlú púpọ̀.

Florida tún gbìyànjú

Florida kò gbàgbé ẹ̀kọ́ náà, àmọ́ kì í ṣe gbéborùn ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ wọn tó tóbi jù. Ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà, irà ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Everglades. Àwọn oko ìrèké ló wà ní òkè rẹ̀, omi oko sì ń gbé fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì wọ inú irà náà. Koríko gíga kan tí wọ́n ń pè ní cattail, tó fẹ́ràn oúnjẹ púpọ̀, wá ń lé koríko ìbílẹ̀ ibẹ̀ jáde. Lọ́dún 1988, ìjọba àpapọ̀ gbé àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1994, Florida ṣe òfin kan tí wọ́n pè ní Everglades Forever Act. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ìwọ̀n tí fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì inú irà náà kò gbọ́dọ̀ kọjá kalẹ̀: mẹ́wàá nínú bílíọ̀nù kan.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gba ilẹ̀, wọ́n mọ odi yí i ká, wọ́n sì sọ ọ́ di irà àtọwọ́dá tó lé ní 57,000 ékà. Omi oko gbọ́dọ̀ gba àárín ewéko ibẹ̀ kọjá kó tó dé Everglades. Ẹ wò ó, cattail tó jẹ́ ọ̀tá nínú Everglades ti di òṣìṣẹ́ níbí, torí pé inú odi ló wà. Níbí, wọn kì í kórè ewé bíi ti NASA. Ẹrẹ̀ ni wọ́n fi fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì pa mọ́ sí: ewé tó bá kú á di ẹrẹ̀ sí ìsàlẹ̀, wọ́n á sì máa ṣọ́ bí omi ṣe jìn tó kí ẹrẹ̀ náà má bàa tú ohun tó gbé mì jáde. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni, iṣẹ́ olówó ńlá sì ni. Wọn ò sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ewé. Òfin fi dandan lé e pé kí àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà dín fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì tó ń jáde láti oko wọn kù ní ìdámẹ́rin.

Badagry, 1984

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, wọ́n rí gbéborùn ní omi Badagry. Ọ̀nà omi láti Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin, ló gbà wọlé. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti dé ọ̀sà Èkó, ó dé Ẹ̀pẹ́, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ ní etí òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ fojú inú wò ó. Ọkọ̀ kò lè kọjá, ewé há mọ́ ẹnu ẹ̀rọ ọkọ̀, àwọ̀n kò ṣeé jù, ọmọ tó ń fi ọkọ̀ lọ sílé ìwé kò rí ọ̀nà. Àwọn ará Ígálà fún un lórúkọ tó túmọ̀ sí ikú ìyá àti ọmọ.

Kí ló dé tó fi rí ibẹ̀ gbé tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn náà wà nínú ohun tá a ti sọ. Èkó jẹ́ ìlú tí èèyàn ibẹ̀ ń lọ sí ogún mílíọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, púpọ̀ nínú omi ìdọ̀tí ibẹ̀ ni kì í sì í gba ilé ìfọmi kankan kọjá kó tó dé ọ̀sà. A gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún gbéborùn, ó sì wá jẹun. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń lé e ní ọ̀sà Èkó lọ́dọọdún ni iyọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á wọ inú ọ̀sà, ewé á kú. Tí òjò bá ti padà dé, omi odò á lé iyọ̀ jáde, gbéborùn á tún padà. Ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó kórè rẹ̀? Ibi tó ti jẹun náà ló kú sí, ó sì tú gbogbo oúnjẹ náà padà sínú omi. Ó fọ omi tán, ó tún dà á rú.

Wọ́n ti gbìyànjú ọ̀nà púpọ̀. Láti ọdún 1991, àwọn onímọ̀ IITA ní Benin ń tú kòkòrò kan tó ń jẹ ewé náà sórí omi. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi ẹ̀rọ kó o. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Achenyo Idachaba, obìnrin tó dá ilé iṣẹ́ MitiMeth sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn èèyàn á kó ewé náà, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á fi hun agbọ̀n, àpò àti àga. Lọ́dún 2015, ó sọ ìtàn yìí lórí pèpéle TED, ibẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ ìtumọ̀ gbéborùn àti orúkọ tí àwọn Ígálà ń pè é. Ó dà bíi pé ó mọ ohun tí àwọn NASA mọ̀: ewé tó bá jáde kúrò nínú omi nìkan ló gbé nǹkan jáde.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa fẹ́ sọ pé, “Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi gbéborùn sílẹ̀ kó máa fọ ọ̀sà Èkó fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.” Rárá o. Ìtàn kò gbè wá lẹ́yìn lórí ìyẹn. Ibi tí ewé omi ti fọ omi ní tòótọ́, odi wà, òṣìṣẹ́ wà, owó wà. Ibi tí kò ti sí nǹkan mẹ́ta yìí, ewé kan náà dí odò, ó sì gba oúnjẹ lẹ́nu apẹja. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù pàápàá ti fòfin de títà àti gbígbin gbéborùn láti ọdún 2016, bẹ́ẹ̀ Jámánì tí Seidel ti ṣiṣẹ́ wà nínú àjọ náà. Ewéko ìbílẹ̀ tiwọn ni wọ́n ń lò.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, ohun méjì ni màá sọ. Àkọ́kọ́, ká má ṣe dá ewé lẹ́bi fún ìdọ̀tí tá a fúnra wa dà sómi. Gbéborùn ń ṣòfófó wa ni, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé omi wa kò mọ́. Èkejì, iṣẹ́ tó yẹ ká san owó fún ni iṣẹ́ ẹni tó ń kó o jáde. Apẹja tí ewé náà dí lọ́nà lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa gba owó yẹn, torí ó ní ọkọ̀, ó mọ omi, òun ló sì ti jìyà rẹ̀ jù. Tí wọ́n bá ń san owó agbọ̀n kọ̀ọ̀kan fún un, tí wọ́n sì yẹ ewé náà wò dáadáa bóyá kò ní májèlé kí wọ́n tó fi bọ́ ẹran, a jẹ́ pé odò ṣí, omi sì fúyẹ́ díẹ̀.

Àwọn àgbà wa ń ṣàdúrà pé kí omi má borí ojú oró. Tiwa lónìí, ẹ jẹ́ ká fi kún un pé kí ewé náà má borí omi.